Ọ̀ṣẹ́túrá Kì í Ṣe Òtúrá-Ọ̀ṣẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtò àti Ìṣàjọ Nínú Kíka Odù



     

Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ilé babaláwo ni a sì bí mi sí. Fún ìgbà pípẹ́ ni mo rò pé ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun méjèèjì ń tọ̀: mo rò pé ọ̀kan wà fún ojú pátákó, èkejì wà fún orí ẹní. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Nígbà tí a bá ń ka iye ọ̀nà tí nǹkan lè gbà rí, ìgbà wo ni ipò ohun kọ̀ọ̀kan ṣe pàtàkì, ìgbà wo ni kò sì ṣe pàtàkì? Àwọn ọmọ wa tó ń ka ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama mọ̀ ọ́n sí permutation àti combination. Èmi yóò pe àkọ́kọ́ ní ìtò, nítorí pé títò ni a ń tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. N ó sì pe èkejì ní ìṣàjọ, nítorí pé ṣíṣà ni a ń ṣà wọ́n jọ sójú kan, láìka èyí tó ṣáájú sí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kùnà nínú ìdánwò nítorí pé wọn kò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Ṣùgbọ́n nínú ilé Ifá, ohun tí ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí lè pàdánù ju máàkì lọ. Ó lè rú ẹbọ ẹlòmíràn fún ẹni tó wá dá Ifá.

Àṣìṣe tèmi

Nígbà tí mo wà ní ọdún àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo wálé fún ìsinmi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìṣàjọ tán ni, mo sì dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àdá tuntun, tí gbogbo igi ẹ̀bá ọ̀nà ń wù ú láti bẹ́. Mo bá bàbá mi lórí ẹní. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn, mo wá ní, "Bàbá, iye odù tí ẹ̀ ń kà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ o. Wọn kì í ṣe 256. 136 ni wọ́n."

Bàbá kò bínú. Wọ́n ní, "Báwo ni o ṣe kà á?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní ojú odù jẹ́ 16, láti orí Ogbè títí dé Òfún. Odù tó bá hù lórí ọpọ́n ní apá méjì, apá ọ̀tún àti apá òsì. Bí ohun kan náà bá hù ní apá méjèèjì, a ó ní méjì: Ogbè Méjì, Ọ̀yẹ̀kú Méjì, Ìwòrì Méjì, títí wọn yóò fi pé 16. Àwọn ìyókù jẹ́ àmúlù, níbi tí odù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti pàdé. Mo ní bí a bá fẹ́ ṣa méjì nínú 16, a ó sọ pé 16 lọ́nà 15, ó di 240. A ó wá pín in sí méjì, ó di 120. Bí a bá fi méjì 16 kún 120, ó di 136. Mo ní àwọn àgbà ti ka àmúlù kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì láìfura ni, nítorí pé bí Ogbè bá pàdé Ìwòrì, bí Ìwòrì sì pàdé Ogbè, àwọn méjì náà kò ṣáà yí padà.

Bàbá ní kí n da ìyẹ̀rosùn sójú ọpọ́n. Wọ́n tẹ odù kan. Mo wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà kìíní: oókan ní ọ̀tún, oókan ní òsì. Ìlà kejì: méjì ní ọ̀tún, méjì ní òsì. Ìlà kẹta: oókan ní ọ̀tún, oókan ní òsì. Ìlà kẹrin: méjì ní ọ̀tún, oókan ní òsì. Ọ̀tún ni a kọ́kọ́ ń kà. Ọ̀ṣẹ́ ló wà ní ọ̀tún, Òtúrá ló wà ní òsì.

Mo ní, "Ọ̀ṣẹ́túrá ni, Bàbá."

Wọ́n fi ìka pa ìlà ìsàlẹ̀ rẹ́, wọ́n sì tún un tẹ̀: oókan ní ọ̀tún, méjì ní òsì. Wọn kò fọwọ́ kan ìlà mẹ́ta òkè rárá. Wọ́n ní, "Èyí ńkọ́?"

"Òtúrá-Ọ̀ṣẹ́ ni, Bàbá."

"Bí a bá rúbọ, tí a fẹ́ kí ẹbọ náà gòkè, èwo ni a máa ń ké sí nínú àwọn méjèèjì?"

Mo dákẹ́. Kò sí ọmọdé ilé babaláwo tí kò mọ ìdáhùn náà. Ọ̀ṣẹ́túrá ni. Nínú rẹ̀ ni a ti ń gbọ́ bí àwọn irúnmọlẹ̀ ọkùnrin ṣe pa Ọ̀ṣun tì, tí iṣẹ́ wọn kò sì gún mọ́, àti bí ọmọ tí Ọ̀ṣun bí ṣe di ẹni tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Òtúrá-Ọ̀ṣẹ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó ní ẹsẹ tirẹ̀, ó ní ẹbọ tirẹ̀. Kò sí ẹni tó jẹ́ fi ọ̀kan dípò èkejì.

Bàbá wá ní, "Ìwọ ni o sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Ó dára. Pe orúkọ odù náà fún mi, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ọ̀kan ṣáájú èkejì."

N kò rí i pè. Bí mo bá ti la ẹnu, dandan ni kí ọ̀kan ṣáájú. Bí ọ̀kan bá sì ti ṣáájú, mo ti yan odù kan, mo sì ti fi èkejì sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìṣirò mi kò ní àbùkù, ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni kò tọ́. Mo bèèrè pé, "Odù méjì wo ló pàdé?" Ohun tí Ifá ń bèèrè ni pé, "Èwo ló wà lọ́tùn-ún, èwo ló wà lósì?"

Ìbéèrè tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wà níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, n kì í jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wá òfin ìṣirò. Ìbéèrè kan ni mo máa ń ní kí wọ́n bi ara wọn: bí mo bá mú àwọn ohun kan náà, tí mo sì pààrọ̀ ipò wọn, ṣé ohun tuntun ni mo ní lọ́wọ́, àbí ti tẹ́lẹ̀ náà ni? Bí ó bá jẹ́ ohun tuntun, ìtò ni. Bí ó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀, ìṣàjọ ni.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ gbé e yẹ̀wò. Ká ní awo 16 ló jókòó sínú iyàrá, tí a sì fẹ́ rán àwọn 3 lọ já ewé wá láti oko. Ọ̀nà mélòó ni a lè gbà yan àwọn mẹ́ta náà? Ẹni àkọ́kọ́ lè jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú 16. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ku 15. Lẹ́yìn èyí, ó ku 14. 16 lọ́nà 15 lọ́nà 14 jẹ́ 3,360. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Bí a bá dárúkọ ẹni mẹ́ta kan, ọ̀nà 6 ni a lè gbà tò orúkọ wọn: 3 lọ́nà 2 lọ́nà 1. Ẹni tí a kọ́kọ́ dárúkọ àti ẹni tí a dárúkọ kẹ́yìn, oko kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, ewé kan náà ni wọ́n sì ń já bọ̀. Nítorí náà, a ti ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹfà. A ó pín 3,360 sí ọ̀nà 6, ó di 560. Ìṣàjọ nìyí.

Ẹ jẹ́ kí á yí ọ̀rọ̀ náà díẹ̀. Ká ní oyè mẹ́ta ló ṣófo, Àràbà, Akọ́dá àti Aṣẹ̀dá, tí a sì fẹ́ fi àwọn 3 nínú 16 náà jẹ wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé oyè awo ní ètò àti ìlànà tirẹ̀. Àpẹẹrẹ kíkà lásán ni mò ń ṣe. Níhìn-ín, 3,360 ni iye náà, a kò ní pín in. Ẹni tó jẹ Àràbà kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó jẹ Aṣẹ̀dá. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ìjókòó, ìlú yóò mọ̀. Ìtò nìyí.

Ẹ ṣàkíyèsí pé 16 kan náà ni, 3 kan náà ni, "yíyàn" sì ni a pe méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò lè sọ ìyàtọ̀ náà fún wa. Ohun tí a fẹ́ fi àwọn tí a yàn ṣe ló ń sọ ọ́.

Ìbéèrè kejì wà tó ń tẹ̀ lé e: ṣé ohun tó ti jáde lè tún jáde? Ẹnì kan kò lè jẹ Àràbà kí ó tún jẹ Akọ́dá, ìdí nìyí tí 16 fi di 15, tí 15 fi di 14. Ṣùgbọ́n Ogbè lè hù ní ọ̀tún kí ó sì tún hù ní òsì. Nítorí náà apá ọ̀tún ní 16, apá òsì náà ní 16, 16 lọ́nà 16 sì jẹ́ 256. Nínú 256 yìí, 16 jẹ́ méjì, 240 jẹ́ àmúlù.

Òpẹ̀lẹ̀ pẹ̀lú jẹ́rìí sí i. Ó ní èso 8, mẹ́rin ní apá kọ̀ọ̀kan. Èso kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dé. Bí a bá fi 2 lọ́nà 2 títí di ìgbà 8, 256 náà ni a ó bá. Àwọn baba wa sì mọ̀ pé ọ̀tún kò gbọdọ̀ dàrú mọ́ òsì. Lára ọ̀pọ̀ òpẹ̀lẹ̀, ohun tí wọ́n so mọ́ ìdí apá kan yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n so mọ́ ìdí apá kejì. Àlejò lè rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Àmì ni.

Ìṣàjọ tó fara pamọ́ sínú apá kan

Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé Ifá kò ní ìṣàjọ nínú. Ẹ jẹ́ kí á fi apá òsì sílẹ̀ ná, kí á wo apá kan ṣoṣo. Ó ní ipò mẹ́rin, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ipò kọ̀ọ̀kan sì gba oókan tàbí méjì. 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 jẹ́ 16, ìyẹn sì ni ojú odù 16.

Bí a bá wá fi iye ibi tí méjì wà pín wọn sí agbo, ohun tó dùn-ún wò ni a ó rí. Èyí tí kò ní méjì rárá jẹ́ 1: Ogbè. Èyí tó ní méjì ní ipò kan ṣoṣo jẹ́ 4: Ọ̀sá ní í lókè pátápátá, Òtúrá ní í ní ipò kejì, Ìrẹtẹ̀ ní ipò kẹta, Ògúndá ní ìsàlẹ̀. Èyí tó ní méjì ní ipò mẹ́ta, tí oókan kàn ní ipò kan, jẹ́ 4: Ọ̀bàrà ní oókan lókè, Ìká ní ipò kejì, Òtúrúpọ̀n ní ipò kẹta, Ọ̀kànràn ní ìsàlẹ̀. Èyí tó jẹ́ kìkì méjì jẹ́ 1: Ọ̀yẹ̀kú.

Ó ku àwọn tó ní méjì ní ipò méjì. Mélòó ni wọn yóò jẹ́? Ipò àkọ́kọ́ tí a mú lè jẹ́ èyíkéyìí nínú 4, èkejì sì lè jẹ́ èyíkéyìí nínú 3 tó kù. 4 lọ́nà 3 jẹ́ 12. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé "ipò kìíní àti ìkẹrin", tàbí tí a sọ pé "ipò ìkẹrin àti ìkíní", Ìwòrì kan náà ni a ń sọ. Nítorí náà a ó pín 12 sí méjì, ó di 6. Ẹ bá mi kà wọ́n: Ọ̀wọ́nrín ní méjì ní ipò kìíní àti ìkejì, Òfún, ìkíní àti ìkẹta, Ìwòrì, ìkíní àti ìkẹrin, Òdí, ìkejì àti ìkẹta, Ọ̀ṣẹ́, ìkejì àti ìkẹrin, Ìrosùn, ìkẹta àti ìkẹrin. Wọ́n pé 6. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 1, 4, 6, 4, 1. Ó di 16.

Nígbà tí mo rí èyí ni ojú tì mí gan-an. Èmi tí mo ní kí á má ka ipò sí, tí mo sọ 256 di 136, kí ló dé tí mo dúró síbẹ̀? Bí ipò kò bá ní ìtumọ̀ láàárín ọ̀tún àti òsì, kí ló dé tí yóò fi ní ìtumọ̀ láàárín òkè àti ìsàlẹ̀? Bí mo bá fẹ́ tẹ̀ lé ìrònú mi dé òpin, Ọ̀sá, Òtúrá, Ìrẹtẹ̀ àti Ògúndá yóò di ọ̀kan ṣoṣo, ojú odù 16 yóò sì di 5. Ẹni tó bá ń pa ipò rẹ́ láìbèèrè, kò ní mọ ibi tí yóò dúró sí.

Níbi tí ipò kò ti ṣe pàtàkì

Ẹ jẹ́ kí á kọjá sọ́dọ̀ àwọn olórìṣà tó ń da ẹ̀ẹ́rìndínlógún. Owó ẹyọ 16 ni. Wọ́n dà á sílẹ̀, wọ́n sì ka iye tó ṣíjú sókè. Kò sí ẹni tó ń bèèrè bóyá èyí tó wà létí ògiri ló ṣí, tàbí èyí tó wà létí ẹní. Iye nìkan ni wọ́n ń kà.

Bí a bá fún owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, ọ̀nà tí 16 lè gbà ṣí tàbí kí wọ́n dé jẹ́ 65,536. Ṣùgbọ́n nítorí pé iye nìkan ni a ń kà, gbogbo rẹ̀ kó ara jọ sí 17, láti orí èyí tí kò sí ọ̀kan tó ṣí títí dé orí èyí tí 16 ṣí pátápátá. Ẹni tó bá ka ìwé tí William Bascom tẹ̀ jáde ní 1980 lórí ẹ̀ẹ́rìndínlógún, láti ẹnu Sàlàkọ́ ará Ọ̀yọ́, yóò rí i pé bí a ti í kà á nìyí.

Bí 1 bá ṣí, Ọ̀kànràn ni, ọ̀nà 16 ni ó sì lè gbà wáyé, nítorí pé èyíkéyìí nínú 16 lè jẹ́ ẹni tó ṣí. Bí 8 bá ṣí, Éjì Ogbè ni, ọ̀nà tó sì lè gbà wáyé jẹ́ 12,870. Bí 2 bá ṣí, Éjì Òkò ni. Ọ̀nà mélòó ni èyí lè gbà wáyé? 16 lọ́nà 15 jẹ́ 240. Ṣùgbọ́n bí owó ẹyọ yìí àti tọ̀hún bá ṣí, tàbí tí tọ̀hún àti èyí ṣí, Éjì Òkò kan náà ni. A ó pín in sí méjì, ó di 120.

Ẹ gbọ́ o: 120. Iye tí mo gbé tọ bàbá mi lọ nìyẹn. Irọ́ kọ́ ni iye náà, ilé rẹ̀ ni mo ṣì. Nínú ẹ̀ẹ́rìndínlógún, 120 jókòó sí ipò rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a jà. Lórí ọpọ́n Ifá, 240 ni. Méjì ni a mú nínú 16 ní ilé méjèèjì. Ohun tó yà wọ́n ni pé ilé kan ní ọ̀tún àti òsì, ilé kejì kò ní.

Ẹ jẹ́ kí á tún sọdá òkun, nítorí àwọn ará wa tó ti Kúbà wá. Ní ọ̀dọ̀ àwọn olórìṣà níbẹ̀, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n da owó ẹyọ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì fi ohun tó jáde lẹ́ẹ̀kìíní ṣáájú èyí tó jáde lẹ́ẹ̀kejì nínú orúkọ. Bí 5 bá kọ́kọ́ jáde, tí 8 tẹ̀ lé e, kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí 8 ṣáájú kí 5 tẹ̀ lé e. Nínú dídà kọ̀ọ̀kan, ìṣàjọ ni. Láàárín dídà méjèèjì, ìtò ni. Iṣẹ́ kan ṣoṣo lè gba méjèèjì. Nítorí náà, kí a má ṣe bèèrè pé irú èwo ni gbogbo iṣẹ́ náà. Kí a bèèrè rẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Ìjókòó àwọn ojú odù

Àpẹẹrẹ kan ṣì kù tó kan ẹ̀yin olùwádìí gbọ̀ngbọ̀n. Bí a bá bèèrè pé àwọn wo ni ojú odù 16, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà, nítorí pé orúkọ kan náà ni gbogbo wa ń kó jọ. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè pé báwo ni wọ́n ṣe jókòó láti orí àgbà dé orí àbúrò, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀nà tí a lè gbà tò orúkọ 16 jẹ́ 20,922,789,888,000. Nínú òkè òǹkà yìí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn awo ń lò, ṣùgbọ́n wọ́n ju ọ̀kan lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, Ìrosùn ló jókòó ní ipò karùn-ún. Nínú ètò tí Bascom kọ sílẹ̀ láti Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀bàrà ló wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ka èyí sí ìṣàjọ yóò ní, "Orúkọ kan náà ni, kò sí ìyàtọ̀." Ẹni tó bá mọ̀ pé ìtò ni yóò rántí ìbò. Bí a bá ń dìbò, odù tó jẹ́ àgbà nínú méjì tó yọ ló ń fi ibi tí ọ̀rọ̀ tẹ̀ sí hàn. Bí ìjókòó bá yí padà, ìdáhùn lè yí padà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ẹnu awo ìlú kan gbọ́dọ̀ kọ ètò ìlú náà sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ó má ṣe fi ti ìlú mìíràn tún un ṣe.

Ohun tó lè ṣègbé

Mo fẹ́ parí pẹ̀lú ohun tó mú mi gba iṣẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2005 ni UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ àgbàyanu ogún ẹnu aráyé. Ní 2008 ni wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ ogún àṣà wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń gba ẹsẹ Ifá sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ti ń pọ̀ sí i. Iṣẹ́ rere ni, mo sì ń kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbé irú àkójọ bẹ́ẹ̀ wá bá mi rí kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti fi odún púpọ̀ ṣe é. Àkòrí tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 136.

Ẹ̀rù bà mí. Mo bèèrè bí ó ṣe ṣe é. Ó ní òun kọ orúkọ odù méjèèjì tó pàdé, òun sì ní kí kọ̀ǹpútà tò wọ́n ní a-b-d kí ojú ìwé lè mọ́. Kọ̀ǹpútà ṣe ohun tí wọ́n rán an. Gbogbo ibi tí Òtúrá ti ṣáájú Ogbè, ó gbé Ogbè síwájú. Òtúrá-Oríire wọlé Ogbè-Alárá. Ogbè-Wẹ̀yìn wọlé Ìwòrì-Bogbè. Ọ̀yẹ̀kú-Logbè wọlé Ogbè-Yẹ̀kú. Òtúrá-Ọ̀ṣẹ́ àti Ọ̀ṣẹ́túrá sùn sórí ẹní kan. Àkòrí 120 ti pòórá, ẹsẹ wọn sì ti dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá tó kì wọ́n sínú ẹ̀rọ ti wàjà. Àwọn ẹsẹ tí a lè tún bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn, a bèèrè wọn. Èyí tó jẹ́ pé bàbá yẹn nìkan ló mọ̀ ọ́n, a kò lè sọ mọ́ bóyá ọ̀tún ló ti wá tàbí òsì.

Àṣìṣe tí mo ṣe lórí ẹní bàbá mi ni, kò sì sí bàbá tí yóò pa ìlà ìsàlẹ̀ rẹ́ fún kọ̀ǹpútà.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Ifá sílẹ̀, ẹ ya ààyè kan sọ́tọ̀ fún ọ̀tún, kí ẹ ya òmíràn sọ́tọ̀ fún òsì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan tún wọn tò. Ẹ kọ orúkọ bí awo ṣe pè é, kí ẹ sì tẹ ìlà odù náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ìlà kì í ṣi ọ̀nà bí orúkọ bá ṣì í. Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ yín jáde, ẹ ka àkòrí yín. Bí ó bá jẹ́ 136, ẹ padà sẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ wà níhìn-ín, bí ẹ bá dé inú ìdánwò, tí ìbéèrè bá ní kí ẹ yàn tàbí kí ẹ tò, ẹ má sáré. Ẹ rántí ìlà kẹrin lórí ọpọ́n. Ẹ pààrọ̀ ipò, kí ẹ sì wò ó bóyá ohun tuntun ni. Ẹ̀yin ọmọ awo tó ń kọ́ṣẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìṣirò àti Ifá kò jọ gbélé, ẹ bi í pé ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀tún kì í ṣe òsì, tó sì ka odù dé 256.

Ní ti bàbá mi, wọn kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Wọ́n kàn nu ọpọ́n, wọ́n gbé e fún mi, wọ́n ní kí n máa tẹ wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọn yóò fi pé. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó parí. Wọ́n pé 256.

Kí Ifá má ṣe jẹ́ kí á ṣi ọ̀tún pè ní òsì. Kí ẹbọ wa gòkè. Ọdún á yabo.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.